Gbígbé Hilux, píkọ́ọ̀pù Toyota, wọ igbó: ohun tí wọ́n máa ń bi mí, àti ohun tí mo máa ń sọ

Hilux ẹlẹ́nu-ọ̀nà mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2.7, ni mo ń wà. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Mo ti gbé e dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ́rí àti Ìgbòho láìmọye ìgbà, mo ti gbé e dé New Bussa lẹ́bàá adágún Kainji, mo sì ti gbé e gun òkè Mambilla dé Gembu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ̀yìn ń dùn mí di ọ̀sẹ̀ kejì. Látìgbà náà ni fóònù mi ò ti sinmi: ẹni tó fẹ́ ra, ẹni tó ti rà tó fẹ́ da irin bò ó, ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ní kó wá bi mí bóyá orí ọkọ òun pé. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, kí ẹnu má baà bó mi.

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Hilux tòkunbọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ fi sí i lára?

Má fi nǹkan kan sí i lára. Gbé e lọ bá mẹkáníìkì ná. Owó tí o fẹ́ fi ra iná gbọọrọ tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé yẹn, fi pààrọ̀ ọ́ílì ẹ́ńjìnnì, ọ́ílì gíá, ọ́ílì dífù (gíá tó wà láàárín áásù), ti iwájú àti tẹ̀yìn. Fi pààrọ̀ gbogbo hósì tó bá ti gan tàbí tó ti wú. Da kúláǹtì gidi sínú rédíátọ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí ẹni tó tà á fún ẹ ń bù sí i. Jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀, kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n mì ín. Bó bá ń yẹ̀, bọ́ọ̀lì jọ́ìnì ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, fi ọkọ̀ sí H4, níbi tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà, kí o wò ó bóyá iwájú ń fà lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ Hilux ló wà nílùú yìí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan H4 rẹ̀ rí látọjọ́ tó ti sọ̀ ní èbúté. Bí iná 4 orí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú tí kò yé ṣẹ́jú, iwájú ò tíì wọlé.

Ó ku ohun kan tí kì í sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: táyà sípíà. Abẹ́ ìdí ọkọ̀ ló ń gbé, ṣéènì kan ló gbé e dúró, irin gígùn kan ni wọ́n fi ń yí i sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ́rí, táyà mi bẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀ pupa, mo ti irin náà bọ ihò rẹ̀, mo yí i. Kò yí. Gbogbo ibẹ̀ ti dógùn-ún, ṣéènì àti ilé rẹ̀ ti di ẹyọ kan. Àwọn ọlọ́kadà méjì ló dúró bá mi fi òkúta gbá a, a gbá a títí ilẹ̀ fi ṣú, kó tó já lójijì, díẹ̀ ló kù kó já lé mi láyà. Nítorí náà, sọ tìrẹ kalẹ̀ nínú àgbàlá rẹ lónìí, fi gíríìsì kun ún, kí o gbé e padà sókè.

Bẹntiróòlù ni àbí dísẹ́ẹ̀lì?

Tẹ́ ẹ bá bi àwọn ará Ọsirélíà, dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa sọ, wọn ò sì purọ́. Ó ń fà dáadáa láti ìsàlẹ̀, kì í sì í mu epo bíi bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n Ọsirélíà kọ́ là ń gbé. Àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Toyota tí wọ́n ń pè ní D-4D ń fi agbára ńlá fọ́n epo gba ojú ihò tó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá wà nínú epo, ojú ihò náà ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà ẹ̀, ẹni tó máa tún un ṣe ò sì sí ní Kìṣí.

Ẹ tún wò ó báyìí. Kò sí abúlé tí ọ̀kadà ò dé. Ibi tí ọ̀kadà bá dé, bẹntiróòlù á wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ìgò lórí tábìlì. Dísẹ́ẹ̀lì ò rí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ́ńjìnnì 2.7 tó wà nínú Hilux elépo bẹntiróòlù, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì Hiace tí gbogbo wa ń pè ní Hummer bus. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí páàtì rẹ̀ ní Àràròmí ní Gate, ní Ládìípọ̀ ní Mushin, àti ní gárààjì èyíkéyìí tí Hummer bus bá ti ń kó èrò. Bẹntiróòlù ni tèmi. Mo gbà pé ó ń mu epo.

Àbúrò, Houston ni mo wà. Ṣé kí n gbé Tacoma wá sílé, nígbà tí wọn ò ta Hilux níbí?

Ẹ lè gbé e wá, ẹ̀gbọ́n. Láti 1995 ni Toyota ti ń ta Tacoma, píkọ́ọ̀pù tó jọ Hilux, fáwọn ará Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ adìyẹ wà nínú ìdí tí wọn kì í fi í kó píkọ́ọ̀pù wọ ibẹ̀ láti òkè òkun: Yúróòpù gbówó lé adìyẹ Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà náà bínú, ó fi owó-ibodè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé àwọn píkọ́ọ̀pù tó ń ti ìta wọlé ní 1964, owó náà ò sì tíì kúrò ńlẹ̀ dòní.

Tí ẹ bá máa gbé Tacoma, ẹ wá oní-2.7 tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2023. Ẹ́ńjìnnì Hummer bus yẹn náà ni. Oní-V6 (onísílíńdà mẹ́fà) dùn ún wà, àmọ́ ẹni tí yóò mọ ìdí ẹ̀ ní Ṣakí ò pọ̀. Ẹ rí i pé 4x4 ni o, torí Tacoma tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan fà pọ̀ lọ́jà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù ní tiyín, ẹ fi Hilux yín sílẹ̀ síbẹ̀. Láti April 2, 1972 la ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ò sì ní ilé níbí.

Táyà wo ló dáa jù?

All-terrain, èyí tí eyín rẹ̀ nípọn díẹ̀ ju táyà ìgboro lọ, tí wọ́n kọ LT (táyà ọkọ̀ akẹ́rù) sí lára. Èyí tí eyín rẹ̀ dà bí ti katakata ń pariwo lórí ọ̀dà, ìjánu rẹ̀ ò dáa nínú òjò, ẹ ó sì ti rin ọ̀dà fún wákàtí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó rí ẹrọ̀fọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má kúrò lórí nọ́mbà tó bá ọkọ̀ wá, bíi 265/65R17 tàbí 255/70R15. Ẹni tó gbé táyà ńlá wọ̀ ọ́ kó rẹwà, ọjọ́ tí táyà náà bá ya ní Borgu, lápá Kainji, ló máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Lára táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí; nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ẹ máa kà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín bíi tuntun kó sì ti gbó nínú. Mi kì í fi owó mi rà á, kódà fún sípíà.

Atẹ́gùn inú táyà ṣe pàtàkì ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Mo máa ń fi 32 psi (ìwọ̀n atẹ́gùn tí géèjì ń kà) rin ọ̀dà, tí ẹ̀yìn máa ń gòkè sí 38 tí ẹrù bá wà. Ní ojú ọ̀nà pupa tó rí jàgàjàgà bíi páànù ilé, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí 26, ẹ ó sì rí i pé eyín yín ò ní máa gbá ara wọn mọ́. Nínú yanrìn, 18. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ báyẹn, ẹ rọra sáré, torí táyà tó rọ̀ máa ń gbóná, ó sì lè bọ́ lára rímù ní kọ́ọ̀nà. Kẹ́ ẹ tó padà sórí ọ̀dà, ẹ fẹ́ ẹ padà. Nítorí náà ẹ ní láti ní géèjì tiyín àti pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì. Fọkanáísà ò sí nínú igbó. Ẹ jẹ́ kó fi bí wọ́n ṣe ń di ihò táyà tubeless hàn yín nígbà tẹ́ ẹ wà nílé, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é lẹ́ẹ̀kan lójú rẹ̀, kó rẹ́rìn-ín yín títí.

Ṣebí píkọ́ọ̀pù ni, kí ló dé tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹrù bí ẹni pé ó lè pa á?

Nítorí pé ẹrù ló ń pa á, kì í ṣe ọ̀nà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìdáhùn kan yìí lọ.

Ẹ bá mi ṣírò. Èèyàn mẹ́rin, ká pè é ní 300 kílò. Omi lítà 60 jẹ́ 60. Epo lítà 50 nínú kẹ́ẹ̀gì, nǹkan bí 37. Àgọ́ tí wọ́n ń gbé sórí ọkọ̀, 55. Kánópì tó bo ẹ̀yìn ọkọ̀, 60. Bọ́ḿpà irin àti wíǹṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ tó bá rì), 90. Fíríìjì pẹ̀lú ohun inú rẹ̀, 35. Sípíà kejì, 30. Irinṣẹ́, 25. Báàgì aṣọ àti ti oúnjẹ, 60. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 752 kílò, a ò sì tíì ka ìkòkò, gáàsì, tàbí iṣu tí ìyá ìyàwó yín máa ní kẹ́ ẹ bá òun gbé bọ̀ láti Ṣakí. Ẹrù tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ Hilux ẹlẹ́nu-ọ̀nà mẹ́rin kò ju 800 sí 1,000 kílò lọ, èèyàn inú ọkọ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá wà lára àwo kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá ti di ẹrù tán, ẹ lọ bẹ àwọn tó ní òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá nídìí kọ́rì òkúta kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ gùn ún.

Èmi ò ka tèmi. Lọ́dún kejì tí mo ra ọkọ̀, mo ní kí wẹ́dà kan bá mi fi páìpù irin ṣe kárìà sórí ẹ̀yìn. Ó lẹ́wà, ọ̀dà dúdú tó kùn ún ń dán. Èmi pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lókè, ẹrù kún ẹ̀yìn, a dorí kọ Ìgbẹ́tì. A ò tíì dé Kìṣí nígbà tá a bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù kan, mo gbọ́ "kọ̀!" bí ìgbà téèyàn fi àáké la igi gbígbẹ. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wo abẹ́ ẹ̀. Nínú àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra wọn lọ́wọ́ òsì ẹ̀yìn, méjì ti kán, ojú ibi tó ti kán ń dán bíi fàdákà, táyà sì ti fara ti ara ọkọ̀. A fi okùn àti igi dè é, a sì fi kìlómítà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan rìn délé. Nígbà tí mo tú kárìà náà, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 87 ni òun nìkan, òfìfo. Wẹ́dà ò jẹ̀bi o. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe.

Ibi tí ẹ ń gbé ẹrù sí náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ẹ̀yìn Hilux ẹlẹ́nu-ọ̀nà mẹ́rin gùn kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tí ẹ bá kó ohun wúwo sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ńṣe lẹ̀ ń fi ọkọ̀ ṣe síísọ̀, ṣásì rẹ̀ lè tẹ̀ níbi tó ti ń gun sókè. Omi, bátìrì, irinṣẹ́: ẹ tì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn àwọn èrò, nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sókè.

Ṣé ó yẹ kí n gbé ọkọ̀ náà ga?

Díẹ̀. Ìka mẹ́ta ti tó. Sípírìn tó bá ẹrù yín mu àti ṣọ́ọ̀kì gidi lẹ̀ ń wá. Gíga kàn jẹ́ èrè orí ẹ̀ ni. Àwọn kan máa ń fi bùlọ́ọ̀kù irin sáàárín sípírìn àti áásù láti gbé ẹ̀yìn sókè. Ìyẹn ò fi okun kankan kún un. Ọkọ̀ tó ga jù sì ń ṣubú.

Tí mo bá rì ńkọ́? Ṣé wíǹṣì ni kí n rà?

Ṣọ́bìrì ni kẹ́ ẹ rà. Mi ò ṣe àwàdà. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí mo ti rì, mẹ́jọ ló jẹ́ pé mo gbẹ́ ẹrọ̀fọ̀ iwájú táyà kúrò, mo dín atẹ́gùn kù, mo ki pákó líle méjì sábẹ́ rẹ̀, mo sì jáde. Àwọn pẹpẹ oníke tí àwọn ará Ọsirélíà ṣe fún un dáa ju pákó lọ torí wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì ní eyín. Bówó bá wà, ẹ rà á. Èèyàn máa ń rì sí i torí pé kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Bí táyà bá ti ń yí lójú kan, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò níná. Ihò lẹ̀ ń gbẹ́ yẹn.

Fífà ni ibi tí ikú wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn ìkọ́ kékeré tó bá ọkọ̀ wá níwájú, wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kó o rìn ni, kì í ṣe fún fífà ọkọ̀ tó rì. Ẹ wá ìkọ́ tó nípọn, tí bọ́ọ̀tì rẹ̀ wọ inú ṣásì gan-an. Irin tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ ọn, ẹ rí i pé wọ́n tẹ WLL (ìwọ̀n ẹrù tí agbára rẹ̀ gbà) àti nọ́mbà sí i lára, 3.25T tàbí 4.75T. Èyí tí kò ní nọ́mbà, ẹ fi so ewúrẹ́. Okùn tó ń nà bíi rọ́bà dáa ju ṣéènì lọ torí kò ní já ọkọ̀ gbà lójijì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi okùn kọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tirélà. Tó bá kán, bí ọta ìbọn ló ń fò, ó sì ti pa èèyàn ní ìlú púpọ̀. Bákan náà ni bọ́ḿpà: katakata kan wá fà mí jáde lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ́rí nígbà kan, awakọ̀ rẹ̀ so okùn mọ́ bọ́ḿpà iwájú mi kí n tó sọ̀kalẹ̀, ó sì fà á lọ pátá. Bọ́ḿpà nìkan ló bá a lọ. Èmi àti ọkọ̀ wà níbi tí a wà.

Tí okùn bá ti le, kí gbogbo èèyàn jìnnà ju gígùn okùn náà lọ, kẹ́ ẹ sì ju aṣọ tàbí báàgì wúwo lé àárín rẹ̀. Wíǹṣì dáa fún ẹni tó ń dá rìn níbi tí igi wà. Agbára rẹ̀ yẹ kó tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ní pápá Borgu níbi tí igi ti jìnnà síra, ọ̀ṣọ́ ló máa ń di.

H4 àti L4, ìgbà wo?

H4 fún ẹrọ̀fọ̀, yanrìn àti ọ̀nà pupa tó yọ̀. L4, tó ń rọra rìn ṣùgbọ́n tó lágbára jù, fún òkè gíga, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti odò. Ẹ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó kì í bọ L4. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, H2, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń fà. Tí ẹ bá fi H4 yí kọ́ọ̀nà lórí ọ̀dà, ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń fapá jánú.

Odò ńkọ́? Ṣé imú gíga tí wọ́n ń pè ní snorkel pọn dandan?

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ yín wọ odò. Ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn ín já, kó má gbé ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n tèmi ni orúnkún. Ilé-iṣẹ́ sọ pé Hilux tó jáde láti 2015 lè la omi tó jìn tó mílímítà 700, omi tó dákẹ́ ni wọ́n ń sọ. Omi tó ń sáré tó bá dé ìlẹ̀kùn lè gbé ọkọ̀ lọ. Ní Gashaka-Gumti, ọgbà ìjọba tó tóbi jù ní Nàìjíríà, odò máa ń dá ọ̀nà tó lọ sí abúlé Gashaka láti Serti kọjá; nígbà òjò, ọ̀nà yẹn ti tán nìyẹn, kò sí snorkel tó lè tún un ṣe.

Snorkel wúlò, kódà fún eruku ọyẹ́ ju fún omi lọ, torí òkè ni atẹ́gùn ti mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kéré jù ló sábà máa ń ba tiwa jẹ́. Dífù àti gíá ní ẹnu kékeré tí wọ́n fi ń mí. Tí ẹ bá ki dífù tó gbóná sínú omi tútù, ó máa fa èémí sínú, tí ẹnu náà bá wà nínú omi, omi ló máa fà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi hósì fà wọ́n gòkè wá sínú ilé ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, kò sì wọ́n.

Nínú omi, gíá kejì nínú L4, ẹ má tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ rìn déédéé kí ìgbì kékeré máa ṣíwájú yín. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú odò, ẹ má ṣe tún un dá o! Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ìdáná kan ṣoṣo yẹn ló máa tẹ irin inú ẹ̀. Ẹ fà á jáde, ẹ yọ plọ́ọ̀gì ná, kẹ́ ẹ wá dá a kí omi lè tú jáde. Nígbà tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wo ọ́ílì dífù. Bó bá ti funfun bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ iná, bátìrì àti fíríìjì ńkọ́?

Bátìrì kejì, kó má ṣe so pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀ ní tààrà, kí fíríìjì má baà mu ọkọ̀ gbẹ lóru. Bátìrì lithium 100Ah, pẹ̀lú ẹ̀rọ DC-DC tó ń fi iná ẹ́ńjìnnì gba agbára fún un, lè gbé fíríìjì kékeré fún nǹkan bí ọjọ́ méjì láìdáná ọkọ̀, bí oòrùn ò bá mú jù. Fúúsì ńlá gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe nídìí fíríìjì. Rìwáyà tí kò bá lo fúúsì, tó fi sẹ́lótéèpù so wáyà pọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ. Mo ti rí kánópì tó jó láti ìdí wáyà kan tí irin gé lára nígbà tí ọkọ̀ ń gbọ̀n.

Tàbí kẹ́ ẹ ṣe bí mo ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́ta: kúláà ńlá kan, pure water àpò kan tí wọ́n ti mú kó dì bí òkúta. Ó máa dá ẹran sí fún ọjọ́ méjì, tó bá sì ti yọ́ tán, ẹ ó mu ún.

Kẹ́ẹ̀gì wo ni kí n fi gbé epo àti omi?

Tánkì Hilux ń gba nǹkan bí lítà 80. Ní ojú ọ̀nà burúkú, tèmi ń mu tó lítà 15 fún 100 kìlómítà, ìyẹn jẹ́ pé ó ń gbé mi tó 500. Mo máa ń pààlà sí 350 kí n tó wá epo. Ẹ má ṣe fi kẹ́ẹ̀gì òróró yẹn gbé bẹntiróòlù: ó ń wú nínú oòrùn, ìdérí rẹ̀ ń jò, òórùn rẹ̀ á sì kún inú kánópì. Kẹ́ẹ̀gì irin lítà 20 ni. Ilé-epo púpọ̀ kì í tà sínú kẹ́ẹ̀gì, pàápàá nígbà ọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ rà á nílùú tẹ́ ẹ ti mọ èèyàn. Ti omi, ẹ pín in sí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta. Tí ọ̀kan bá fọ́, ẹ ò ní kú.

Ibo la máa sùn?

Àgọ́ orí ọkọ̀ ní ànfààní kan tí ẹni tí ìjàlọ ti wọ àgọ́ rẹ̀ lóru nìkan ló lè sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jó lóru nínú òkùnkùn láìsí ìlù. Ṣùgbọ́n kílò 55 lókè orí máa ń mú ọkọ̀ fì. Ẹ má sì gbé e sórí òrùlé èrò. Ẹ gbé e sórí férémù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lára ẹ̀yìn ọkọ̀. Èmi máa ń tẹ́ fóòmù sínú kánópì, mo ta nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé rẹ̀, mo sùn síbẹ̀. Eruku ló máa ń yọ mí lẹ́nu títí mo fi lẹ rọ́bà yí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ká.

Tẹ́ ẹ bá dé abúlé, ẹ wá ilé Baálẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọkọ̀ sí. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá. Wọ́n á fún yín ní àgbàlá, ọmọkùnrin kan á sì jókòó ti ọkọ̀ yín di àárọ̀.

Ààbò ńkọ́? Ẹ má tàn wá.

Mi ò ní tàn yín. Àwọn igbó kan wà tí mo ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ tí mi ò wọ̀ mọ́. Kí n tó gbéra, mo máa ń pe ọ́fíìsì ọgbà ìjọba náà, mo sì máa ń bi àwọn awakọ̀ tó ti ibẹ̀ dé lọ́jọ́ náà ní gárààjì. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bá bára mu, mi ò lọ. Mo ti pa ìrìn-àjò mẹ́ta tì lẹ́yìn tí mo ti di ẹrù tán. Nínú Old Oyo National Park, ẹ̀ṣọ́ ọgbà gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ yín. Òun náà ló mọ ọ̀nà tó lọ sí àwókù Ọ̀yọ́-Ilé, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ méjì dáa ju ọ̀kan lọ. Ẹ má rìn lóru.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Ẹ ti gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù. OsmAnd àti Organic Maps ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ẹ̀rọ kékeré bíi Garmin inReach ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ gba sátẹ́láìtì, owó oṣooṣù wà nídìí ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, kó kọ ọ̀nà tó máa gbà sórí ìwé fún ẹnì kan nílé: bí mi ò bá pè ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Sátidé, pe nọ́mbà báyìí. Tẹ́ ẹ bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 112 ni nọ́mbà pàjáwìrì, 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ?

December sí February. Eruku ọyẹ́ á wà, ọ̀nà á gbẹ, koríko á ti jó, ẹranko á sì máa sọ̀kalẹ̀ wá sídìí odò.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé layọ̀. Kí ló kù?

Sùn ná. Lọ́jọ́ kejì, fọ abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe òkè rẹ̀ nìkan. Yọ fílítà atẹ́gùn, gbá a mọ́ ilẹ̀, wo bí erùpẹ̀ ṣe máa dà. Fún gbogbo bọ́ọ̀tì kárìà, ṣọ́ọ̀kì àti rímù le padà, torí ọ̀nà onípáànù yẹn ti tú wọn díẹ̀díẹ̀. Kí o wá fi tọ́ọ̀ṣì wo orí páìpù èéfín àti ẹ̀yìn rédíátọ̀: koríko gbígbẹ máa ń ṣù síbẹ̀, ó sì lè gbiná. Lẹ́yìn ìgbà tí mo ti Kainji dé, ìdì koríko kan wà lókè páìpù èéfín mi tó tó ìtẹ́ ẹyẹ, etí ẹ̀ kan ti dúdú.